Ẹ Tẹ̀ Ẹ́, Ẹ Má Ṣẹ́ Ẹ

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wàásù. Ẹ ò mọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bá ọmọ to wágùnnù ọkọ̀ ojú irin lórí tábìlì ìjẹun. Nígbà tí a sọ fún ìyàwó wa pé ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ kọ fún yín, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ kọ ọ́, ẹ má yọ ibì kankan kúrò.” Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ gbogbo rẹ̀.

Ìgbàyè ni ilé wa. Ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè Ìkìrun, Inísà àti Òkukù kò lè ṣàì mọ rélùwéè. Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí a bá ti wo ọkọ̀ náà tán, a ó padà sílé láti fi agolo mílíìkì ṣe tiwa. Ìdérí mínírà ni táyà rẹ̀. Òkúta ni hámà wa, eyín wa sì ni púláyà.

Ọmọkùnrin wa àbíkẹ́yìn ló jogún àìsàn yìí. Kò sí agolo tó wọ ilé wa tí kò di ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 ó ṣe ìdánwò àṣejáde, ó sì fìdí rẹmi nínú ìṣirò. A bá a wí. Ká sọ òtítọ́, a bá a wí ju bó ṣe yẹ lọ. Ojoojúmọ́ la ń tún un sọ nídìí oúnjẹ, títí ó fi di pé ọmọ ń sáré jẹun tirẹ̀ ní kíṣìnì kí a tó ti ìpàdé àdúrà dé.

Nígbà Kérésìmesì ọdún náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní London wálé. Ó mú páálí pẹlẹbẹ kan wá fún un. Páànù idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà nínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀yà ara wágùnnù ẹrù kan sì wà lára páànù náà, tí èèyàn yóò gé kúrò, tí yóò tẹ̀, tí yóò sì fi òjé lẹ̀ pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbà ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Mìlímítà 4 ni wọ́n fi ń dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà wágùnnù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 17 yóò di mìlímítà 68, kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Wọn kì í fi sísọ́ọ̀sì gé irú páànù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bo ibi tí wọ́n fẹ́ kó kù, wọ́n á wá fi omi kẹ́míkà jẹ ìyókù dànù. Níbi tí a ó ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni omi náà ti jẹ ẹ́, ó sì jẹ ẹ́ dé nǹkan bí ìdajì kí ó lè di ojú ìlà tóóró. Bí páànù náà bá nípọn tó ìdámẹ́rin mìlímítà, ẹ rò ó wò, mélòó ló kù lójú ìlà?

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní January 2024, ọmọ náà jókòó ti páànù yìí fún wákàtí méjì. Ó ń wò ó, ó ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò tíì tẹ nǹkan kan. Inú bí wa. A ní, “Kí lo ń wò? Bó o ṣe ń wo ìṣirò náà nìyẹn.” A lọ mú púláyà láti inú ọkọ̀ wa, a fi gbá etí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù lọ mú, a sì fà á sókè.

Ẹnu púláyà kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Ibi tó gbá mú dìde, ibi tí kò gbá mú jókòó, páànù sì lọ́ bí ẹja tí iná rà. Eyín púláyà tún fi àpá sí i lára. A ní kí a tún un ṣe. A tẹ̀ ẹ́ padà, a tún fà á sókè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ṣẹ́ lójú ìlà. Idẹ kì í fẹ́ kí a máa tẹ òun síwá sẹ́yìn. Bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i, bó bá sì ti le jù, kíkán ló kù.

Ọmọ náà ní, “Ẹ ṣé, Dádì.” Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ó sì wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò fọwọ́ kàn án. Ìyàwó wa ló là wá lójú ní òru ọjọ́ kan. Ó ní, “Dádì, kì í ṣe páànù yẹn nìkan lẹ ń fi púláyà mú nínú ilé yìí o.” A kò rí èsì fọ̀. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, tí a ń kọ́ àwọn òbí lórí ọmọ títọ́!

Nígbà tó yá, a gbé páálí náà lọ sí Ìkìrun, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti ń fi páànù ṣe fìtílà àti àpótí láti ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá kò rí irú rẹ̀ rí. Ó gbé e sójú oòrùn, ó fi èékánná tọ ojú ìlà náà lọ. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹni tó ṣe nǹkan yìí ti fi ibi tó fẹ́ kó tẹ̀ hàn. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó tẹ̀ níbẹ̀.” Ó wá kọ́ wa bí a ṣe ń yan irinṣẹ́.

Èkíní ni gígùn. Ẹnu irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ gùn ju ojú ìlà tí a fẹ́ tẹ̀, kí gbogbo ìlà lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé. Ẹ fi bébà há a lẹ́nu ní ìkángun méjèèjì àti láàárín. Bí èyí tó wà láàárín bá ń yọ́ jáde nígbà tí ẹ fà á, ibẹ̀ ni páànù yóò ti wú.

Ẹ̀kẹta, kó má ní eyín. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́, kó sì dán.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi fáìlì rẹ́ iwájú irin òkè wọnú díẹ̀. Idẹ máa ń fẹ́ padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ó yẹ kí àyè wà láti tẹ̀ ẹ́ kọjá díẹ̀ kó tó padà síbi tó yẹ.

Bàbá gé irin onígun tí àwọn wẹ́dà ń pè ní áńgù sí méjì. Ó fi fáìlì rẹ́ ẹ, ó sì fi bóòtì dè é pọ̀ ní ìkángun méjèèjì. Ó ní kí a máa gbé e sẹ́nu fáìsì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún wa lórí fóònù pé wọ́n ń ta èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ ní London. Ẹnu tirẹ̀ dà bí ìka ọwọ́, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tóóró, kí ó lè wọ inú àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti dìde. Ẹni tó bá fẹ́ to wágùnnù mẹ́wàá, kó ra ìyẹn. Fún ẹyọ kan, áńgù méjì tó. Púláyà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: èyí tí ẹnu rẹ̀ tóóró tí kò sì ní eyín ló dára fún etí kéékèèké. Òrùlé tó rí róbótó kò sì nílò ìkankan nínú wọn. Ẹ fi iná yan án títí yóò fi pọ́n díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi irin róbótó yí i lórí rọ́bà tó rọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a gbé irinṣẹ́ yìí sí iwájú ọmọ wa. A ní, “Àwa la bà á jẹ́. Máa bínú.” A kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wa rí. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ bá mi di fáìsì mú, sà.”

Iṣẹ́ tiwa kò ju ìyẹn lọ. A di fáìsì mú, òun ló tẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí ihò ìlà kọjú sókè, kí ó lè wà nínú igun lẹ́yìn tí páànù bá dìde. Àwọn etí kéékèèké ló kọ́kọ́ tẹ̀, torí bí ẹ̀gbẹ́ ńlá bá ti dìde tán, irinṣẹ́ kò ní ráyè wọlé mọ́. Ó ki rúlà irin sábẹ́ páànù, ó sì gbé e sókè jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igun náà mú bí etí ìwé. Ó fi òjé lẹ èyí tó ṣẹ́, ó tún da òjé sínú àwọn igun tí kò ṣẹ́ pẹ̀lú, torí ibi tí a ti tẹ nǹkan, ó ń fẹ́ àtìlẹ́yìn.

A kò ní sọ fún yín pé wágùnnù ló kọ́ ọ ní ìṣirò. Olùkọ́ onísùúrù kan ní Òkukù ló kọ́ ọ, ó sì yege ní ọdún 2024. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó ti padà sídìí tábìlì kí èsì ìdánwò tó jáde.

Ẹ̀yin òbí, a kò ní kí ẹ má bá ọmọ wí. Páànù tí a kò tẹ̀ kò lè di wágùnnù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nawọ́ mú irinṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá ojú ìlà tí Ẹlẹ́dàá fi sí ara ọmọ náà. Ẹ di gbogbo rẹ̀ mú dọ́gba, kì í ṣe ibi tó dùn yín nìkan. Ẹ wí i lẹ́ẹ̀kan, kó yé e, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ́ ẹ bíi tiwa, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Wágùnnù náà wà lórí pẹpẹ ìwé wa báyìí. Àpá púláyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan. Ọmọ náà fẹ́ fi fáìlì rẹ́ ẹ, àwa la ní kó fi sílẹ̀.