Boule kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ

Ọ̀rọ̀ pétanque ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni.

Lọ́dún tó kọjá, àdúgbò wa àti àdúgbò kejì jọ pàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Méjì-méjì ni a dúró, boule mẹ́ta-mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ káfíńtà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà. Òun ló ń ju tirẹ̀ sún mọ́ cochonnet. Èmi ni tireur, èmi ni mo ń gbá ti àwọn ẹlòmíràn dànù. A ti ní 12, wọ́n ní 6. Ẹ sì mọ̀ pé 13 ló ń parí eré.

Boule wọn kan jókòó ti cochonnet, ti ẹ̀gbọ́n ló tẹ̀ lé e. Boule ti tán lọ́wọ́ gbogbo èèyàn àfi èmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mi ṣì wà níbẹ̀. Kí n ṣáà gbá ẹyọ kan yẹn kúrò, eré parí. Mo ju èkíní, ó fò ó kọjá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo fi ìbínú ju èkejì, kò tilẹ̀ débẹ̀. Ẹ̀kẹta, n kò mọ ibi tó gbà.

Point kan péré ni wọ́n jẹ níbẹ̀, 12 sí 7. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ. Wọ́n jẹ 2, wọ́n jẹ 3, wọ́n tún jẹ 1. Ó di 13 sí 12. Ẹ̀gbọ́n nu àwọn boule rẹ̀, ó kó wọn sínú àpò, ó ní, "Ó dàárọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá bú mi, ì bá dùn mọ́ mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Ó ń fá pákó lọ, kò gbójú sókè. Ó bi mí pé, "Nígbà tí o ju èkejì, kí ló wà lọ́kàn rẹ?"

Mo ní, "Èkíní tí mo tàsé ni."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Ó ní, "Àbúrò, ìwọ kò ju boule lánàá. Ìtìjú lo ń jù."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ó wá bi mí bí mo ṣe ń kọ́ ọwọ́ mi. Mo ní ojoojúmọ́ ni mo ń jù, wákàtí kan, nígbà mìíràn méjì. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìkọ́ra, ìtàkùrọ̀sọ ni. Òótọ́ ni. Ibi mítà 6 tó rọ̀ mí lọ́rùn ni mo máa ń dúró sí, kí àwọn tó ń wò lè pàtẹ́wọ́.

Nínú ìdíje ìbọn ṣíṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní tir de précision, mítà 6, 7, 8 àti 9 ni wọ́n ti ń jù, bí a ṣe to boule sí oríṣi márùn-ún. Ìgbà 20 lèèyàn ń jù, ẹni tó ju gbogbo rẹ̀ dáadáa ní 100. Ẹ̀gbọ́n ní kí n fa ìlà mẹ́rin náà sílẹ̀, kí n ju mẹ́wàá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbá 6 ní mítà 6. Ní mítà 9, ẹyọ 1! Ìwé kì í pọ́nni. Láti ọjọ́ náà, mítà 9 ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó di 4. Cochonnet, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Faransé. Díẹ̀díẹ̀ sì nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ó kọ́ mi ní nǹkan méjì sí i. Èkíní: òfin fún wa ní ìṣẹ́jú kan láti jù. Kí n fi àkísà nu boule, kí n wo ibi tí mò ń lọ, kí n mí kanlẹ̀, kí n tó jù. Bákan náà ni, ì báà jẹ́ 0 sí 0, ì báà jẹ́ 12 sí 12. Èkejì: kí n tó lọ sílé, kí n ju ẹyọ kan bí ẹni pé òun ló kù. Bí mo bá tàsé, n kò gbọ́dọ̀ tún un jù. Kí n gbé e lọ sùn. Èyí ló le jù.

Ẹ̀yin mọ ibi tí orúkọ eré yìí ti wá? Láti inú èdè gúúsù ilẹ̀ Faransé ni: ẹsẹ̀ tó fìdí múlẹ̀. Ní La Ciotat, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jules Lenoir kò lè sáré jù mọ́ nítorí àrùn oríkèé. Wọ́n wá ṣe eré tí èèyàn yóò ti dúró sójú kan. Ẹni tó bá dúró, àfi kó bá ọkàn rẹ̀ jà. Àwọn tó ń gbá golf náà mọ èyí: bọ́ọ̀lù dúró jẹ́ẹ́, ọkàn ló ń sá kiri.

Lọ́dún yìí, a tún pàdé. 13 sí 9 ni wọ́n fi nà wá, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tàsé kan, tí wọ́n tún rẹ́rìn-ín, mo nu èyí tó kù, mo mí, mo gbá a ní mítà 9. Nígbà tá à ń lọ sílé, ẹ̀gbọ́n ní, "Ọ̀la, agogo márùn-ún, àbí?"

Ẹ̀yin ará mi, kí ni mítà 9 tiyín, èyí tí ẹ ń sá fún? Ẹ bá wa sọ ọ́ síbí.