Bí Ọ̀fọ̀ Bá Ṣẹ̀ Ọmọ Awo

 

Ọmọ awo mi kan níhìn-ín ní Buford bi mí ní ìbéèrè kan tí wọ́n lè bi ẹ̀yin náà. Ìyá rẹ̀ kú. Ọdún kan kọjá, ọ̀fọ̀ náà kò fúyẹ́. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní olú kan wà tí àwọn dókítà fi ń wo ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Ṣé tí mo bá jẹ ẹ́, màá rí màámi?"

Mi ò bú u. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Psilocybin ni èròjà inú olú náà ń jẹ́. Ní 2016, àwọn dókítà Yunifásítì Johns Hopkins àti ti New York gbé ìwádìí jáde: wọ́n fún àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ ní èròjà náà, ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dínkù. Ṣùgbọ́n ikú tiwọn ni àwọn yẹn ń bẹ̀rù, kì í ṣe ọ̀fọ̀ ìyá. Nítòsí wa ní Atlanta, Yunifásítì Emory dá ibùdó kan sílẹ̀ ní 2022, níbi tí àwọn dókítà ọpọlọ àti àwọn àlùfáà ilé ìwòsàn ti jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Yàtọ̀ sí ìwádìí tí ìjọba fọwọ́ sí, òfin Georgia kò fàyè gba olú náà.

Wọn kì í kàn fún èèyàn jẹ kí ó máa lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, olùtọ́jú á jókòó tì í fún bíi wákàtí 6. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún jọ yẹ ohun tó rí wò. Àwa tí a ti wọ igbódù mọ ìyẹn: a kì í dá wọlé, a kì í dá jáde.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà. Bí ẹni tó jẹ olú bá rí òkú rẹ̀, òun nìkan ló rí i. Bí Egúngún bá jáde, gbogbo agbo ilé ló ń rí i: ọmọ á kúnlẹ̀, obìnrin ilé á kì í, ará ọ̀run á súre.

Nítorí náà mo ní, "Bí wọ́n bá gbà ọ́ sínú ìwádìí tó bófin mu, n kò ní dí ọ lọ́nà. Má rà á ní kọ̀rọ̀, má sì dá a jẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pe àwọn àbúrò rẹ wá."

Wọ́n wá. Láti ọjọ́ ìsìnkú, wọn kò tíì jọ jókòó. A gbé omi tútù àti oúnjẹ tí ìyá wọn fẹ́ràn síwájú àwọn baba ńlá, a da obì, olúkúlùkù sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀fọ̀ náà kò tán. Ọmọ náà ṣì ń ro ti ìwádìí yẹn. Bí ó bá lọ, èmi ni màá fi mọ́tò gbé e lọ, àwọn àbúrò rẹ̀ á sì wà nílé dè é.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má lé dókítà, ẹ má sì fi ọ̀fọ̀ sílẹ̀ fún dókítà nìkan. Ẹ bi ara yín: bí ó bá dé, ta ni yóò bá nílé?

Àwọn baba ńlá wa kò ní sùn. Àṣẹ.