Ìjókòó Akéwì Nínú Ayé Orí Kọ̀ǹpútà

Ilé tí ọ̀rọ̀ kọ́

Lọ́dún 1978, ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayé kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ wọ̀ lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Richard Bartle bá a dá sí i. MUD ni wọ́n pè é. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀: ẹni tó bá wọ yàrá á ka ìpínrọ̀ tó sọ bí yàrá náà ṣe rí. Lọ́dún 1990, Pavel Curtis gbé LambdaMOO kalẹ̀ ní Kalifóníà, ó sì fàyè gba àwọn tó ń wọlé láti kọ́ yàrá tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé níbẹ̀, àfi kó jókòó kọ̀wé. Òǹkọ̀wé ni onílé àkọ́kọ́ nínú irú ayé yìí. Ìgbà tó yá ni àwọn ayàwòrán bá wọn níbẹ̀.

Mítà 20

Second Life, irú ayé bẹ́ẹ̀ mìíràn tí ilé iṣẹ́ Linden Lab ṣí lọ́dún 2003, ní ìlànà kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá tẹ̀ ní gbangba kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá jìnnà ju mítà 20 lọ. Wúyẹ́wúyẹ́ kì í kọjá mítà 10; igbe a máa dé mítà 100. Nítorí náà, nígbà ìjókòó ewì níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbọ́dọ̀ sún mọ́ akéwì. Lórí fóònù, ewì ló máa ń wá bá wa níbi tá a wà, a sì lè fọwọ́ tì í kọjá. Níbí, olùgbọ́ ló ń dìde wá, gbogbo ẹni tó wà níjòókòó sì ń rí ara wọn.

Ohùn àti àtẹ̀

Títí di ọdún 2007 tí wọ́n fi ohùn kún un, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ ní Second Life. Akéwì á fi ìlà kan ránṣẹ́, á dúró díẹ̀, á fi òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí ohùn dé, ewì bọ́ sẹ́nu ẹni tó ni ín, ohun ayọ̀ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n adití tó ti ń bá wọn jókòó tẹ́lẹ̀ kò ní bá wọn lọ mọ́, àfi tí akéwì bá tún ń tẹ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń kà á. Àwùjọ tó ń ṣe méjèèjì pọ̀ ló yẹ kí àwọn yòókù wò kọ́ṣe.

Ẹ jẹ́ ká jọ kọ ọ́

Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa pàdé ní Second Life kí wọ́n lè jọ kọ̀wé. Ẹnìkan á dá àkókò, gbogbo ẹnu á pa mọ́, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí àkókò bá pé, kálukú á sọ iye ọ̀rọ̀ tó kọ, ẹni tó bá wù á ka díẹ̀ nínú tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oṣù kọkànlá ló máa ń gbóná jù, nítorí NaNoWriMo, ìpèníjà tí Chris Baty dá sílẹ̀ lágbègbè San Francisco lọ́dún 1999: 50,000 ọ̀rọ̀ ìtàn láàárín oṣù kan. Lọ́dún 2025, àjọ tó ń darí rẹ̀ kéde pé àwọn ń kógbá sílé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti di ojúlùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò nílò àjọ kí wọ́n tó tún dá àkókò. Ìwé kíkọ a máa sọ èèyàn di anìkànwà. Kéèyàn mọ̀ pé ẹlòmíràn ń kọ tirẹ̀ lọ́wọ́ ní wákàtí yìí gan-an, ìrànwọ́ ńlá ni.

Ìwé tí a ti fọwọ́ sí

Nínú Minecraft, eré orí kọ̀ǹpútà kan, pátákó kékeré tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí gba ìlà 4 péré. Ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ sí tirẹ̀ kò lè tún un ṣe mọ́. A lè ṣe ẹ̀dà ojúlówó, a lè ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà náà, ibẹ̀ ló sì parí sí. Ọmọdé tó ń ṣeré yìí ti ń kọ́ ohun tí gbogbo òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ̀: tún iṣẹ́ rẹ wò kó o tó fọwọ́ sí i, kó o sì tọ́jú ojúlówó.

Ẹni tó bá pa dírágónì inú eré náà máa bá ewì gígùn pàdé, èyí tí Julian Gough, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland, kọ lọ́dún 2011. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́ tí kò ní ra ìwé ewì lè ka èyí dé òpin, torí ó jà kó tó dé ibẹ̀.

Ilé ìkàwé tí ìjọba kò tì

Ní March 12, 2020, àjọ Reporters Without Borders ṣí ilé ìkàwé kan nínú Minecraft. Búlọ́ọ̀kù tó lé ní mílíọ̀nù 12 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ rì ní Íjíbítì, Mẹ́síkò, Rọ́ṣíà, Saudi Arabia àti Vietnam ló wà nínú àwọn ìwé rẹ̀, iṣẹ́ Jamal Khashoggi, akọ̀ròyìn ọmọ Saudi Arabia, sì wà lára wọn. Ìjọba lè ti ojúlé ìwé ìròyìn pa, kí ó gbàgbé eré ọmọdé.

Nígbà tí ayé bá tú

Microsoft ti AltspaceVR, ayé orí kọ̀ǹpútà mìíràn, pa ní March 10, 2023, gbọ̀ngàn àti pèpéle tí àwọn èèyàn kọ́ síbẹ̀ sì bá a lọ. Ilé iṣẹ́ ló ni ilẹ̀. Akéwì ló ni ewì. Kí àwùjọ kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ọ̀rọ̀ ìjókòó kọ̀ọ̀kan sí ìta ayé náà, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó kọ ọ́.

Àmì ohùn

Ìfiránṣẹ́ kan ní Second Life kì í gbà ju nǹkan bíi 1,000 báìtì lọ, ìyẹn òṣùwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àyè tí ọ̀rọ̀ gbà. Lẹ́tà “a” lásán gba báìtì 1. “Ẹ́” gba 5. Nítorí náà, ewì Yorùbá tó ní àmì pé máa ń yára kún ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó sì lè ṣe akéwì bíi kó já àmì dànù. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kó gé ewì rẹ̀ níbi tí èémí ti ń dá, kó fi í ránṣẹ́ ní èémí kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Bí a ṣe ń ké ewì lójú agbo náà nìyẹn, àyè tó wà níbẹ̀ sì tó o.