Kí Ọdún Yìí Tó Kásẹ̀ Ńlẹ̀

  Oṣù Ọ̀pẹ ti wọlé, ètè ti ń bó, ìpara kò sì tó nǹkan mọ́ lára. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa níbí, àwọn igi tíìkì ti ń wọ́wé. Ewé wọn fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Bí a bá ń gba abẹ́ wọn lọ sí kíláàsì àárọ̀, ariwo tí ewé gbígbẹ ń pa lábẹ́ bàtà wa kì í jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ.

Lékèélékèé náà ti dé. A rí wọn ní pápá lẹ́yìn àwọn màlúù, funfun báláú. Bí wọ́n ṣe ń fò kọjá ni ọ̀kan nínú wa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ju èékánná sí wọn, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ìlú wa kò pa pọ̀: Ìṣẹ́yìn, Oǹdó, Ìjẹ̀bú-Òde, Mushin. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò ṣe é rí nígbà èwe nínú wa, kí lékèélékèé lè fún wa ní èékánná funfun. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sínú ìwé fún wa. Ọmọdé ló kọ́ ọmọdé.

Nínú àwọn ìwé tí a kà lọ́dún yìí, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ la padà sí jù. Ọdún 1938 ni ìwé D.O. Fágúnwà yìí kọ́kọ́ jáde. Púpọ̀ nínú wa ti kà á ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn iwin inú rẹ̀ nìkan la sì ń wá kiri nígbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí ọkàn wa dúró lé lórí ni ẹni tó jókòó tó ń kọ̀wé. Àkàrà-ògùn kò fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀. Ó ti dàgbà, ó wá bá ẹni tó lè kọ ọ́, ó ní kó mú kálàmù àti ìwé, kí ìtàn náà má bàa bá òun lọ. Bó ti ń sọ ni ẹni yẹn ń kọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èrò ti ń pé jọ láti gbọ́ èyí tó kù. Oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1963 ni Fágúnwà fúnra rẹ̀ kú. Ohun tó kọ sílẹ̀ wà lọ́wọ́ wa títí dòní.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni ìyá àgbà kan. Ìyá ìyá ọ̀kan nínú wa ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń pè é ní Màmá, nítorí a ti jẹ ẹ̀bà ilé rẹ̀ kọjá kékeré. Lọ́dún yìí, iyè Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, lẹ́yìn náà ó ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ. Nígbà tí a lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wo ọ̀rẹ́ wa títí, kò rántí orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Àjọkẹ́ mi dé." Oríkì kò sọnù. Ọ̀rẹ́ wa kúnlẹ̀, ó ní, "Èmi ni, mà. Ẹ kúulé, mà." Lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìdáná lọ nu ojú rẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí kò tíì sọnù. A bi Màmá bóyá kùrukùru ni ohun tó bo òkè lójú. Ó ní rárá o, omi ni kùrukùru, eruku ni ọyẹ́. A bi í ní ọjọ́ orí àkọ́bí rẹ̀. Kò mẹ́nu ba ọjọ́ kankan. Ó ní ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni òun bí i, nígbà tí owó sì di náírà, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. A ṣírò rẹ̀: oṣù Igbe ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí ìwakọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1973 sì ni náírà bẹ̀rẹ̀. Ó bára mu rẹ́gí.

Gbogbo wa mọ̀ pé èṣí ni ọdún tó kọjá, ìdúnta ni èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀ta ló wà nínú ìdúnta, bó ṣe wà nínú ìjẹta. Ẹ kà á wò: ọdún tí a wà nínú rẹ̀ ni ìkíní, èṣí ni ìkejì, ìdúnta ni ìkẹta. Bí Yorùbá bá ń ka ẹ̀yìn, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. A ti kọ́ èyí ní kíláàsì tipẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá ló ti wọ̀ wá lára. Ẹni tó bá fẹ́ rántí àná, kó ka òní mọ́ ọn, òní tí Màmá ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ wa ń bẹ̀rù pé bí òun bá padà lọ lọ́dún tuntun, Àjọkẹ́ náà lè ti bọ́ sọnù. A kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi tù ú nínú lórí ìyẹn. Iṣẹ́ la pín. Ẹnì kan ń fi fóònù gba ohùn Màmá sílẹ̀, ẹnì kan ń kọ ọ́, tòun ti àmì ohùn. Àjọkẹ́ ló ń béèrè, nítorí òun ni Màmá ń dá lóhùn jù. Ìwé kékeré kan ti kún, a ti ra òmíràn.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ń lọ sílé fún ìsinmi, kí ẹ tó jókòó ti ìrẹsì àti adìẹ ọdún, ẹ bi àgbà kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ bi í ní orúkọ igi tó wà lójúde yín, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó sọ ọ́ sí i.

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ọdún á yabo fún gbogbo wa o.