Ọ̀kadà létí òkun: Láti Kùtọnu dé Ouidah pẹ̀lú ọmọ àti àgbà

Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé ṣé kò sí ibi tí èèyàn lè kó ìdílé rẹ̀ lọ lópin ọ̀sẹ̀, tí kò ní jẹ́ òde ìnáwó náà ni. Ó wà. Ọ̀nà kan wà lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, létí òkun gan-an, tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, ìyẹn ọ̀nà ẹja pípa. Àdúgbò Fidjrossè ní Kùtọnu ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba etí omi lọ títí dé Ouidah, ìrìn nǹkan bí 40 kìlómítà. Òkun á wà lọ́wọ́ òsì yín, igi àgbọn á wà lọ́tùn-ún, ọ̀sà á sì máa yọjú látẹ̀yìn wọn.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí lójú ewé ìlera ni pé ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rìn ín. Ní Kùtọnu, ọ̀kadà lọba. Àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní zémidjan, ọ̀rọ̀ èdè Fọ̀n tó túmọ̀ sí “gbé mi kíákíá”, ẹ̀wù yẹ́lò tó ní nọ́ńbà lára lẹ fi máa dá púpọ̀ nínú wọn mọ̀. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì, télọ̀, gbogbo wọn ló ní tiwọn nílé. Tó bá di Sátidé tàbí Sọ́ńdè, ọkọ á gbé ìyàwó sẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ á tẹ̀ lé wọn, ó di etí òkun. Ẹni tó bá ti Èkó wá, níbi tí ìjọba ti fòfin dè é lọ́pọ̀ ibi lọ́dún 2020 àti 2022, á kọ́kọ́ rò pé ayé àtijọ́ ló padà dé.

Ìyá ọkọ mi ló fa ìrìn àjò tiwa. Ẹni ọdún 71 ni Màmá, wọ́n sì ní àìsàn ojú tí a ń pè ní gúlákómà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fetí síbí dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, gúlákómà kì í dun èèyàn rárá. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ìríran wọlé, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà mọ́. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lójoojúmọ́ kàn ń dáàbò bo èyí tó kù ni. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, mo ti dé ti Àgbádárìgì, ti Ouidah ló kù. Ibi tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa sọdá omi, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa ròyìn rẹ̀ fún mi.”

Ọkọ mi ní kò burú, mọ́tò la máa gbé. Màmá ní rárá o, àwọn fẹ́ kí atẹ́gùn òkun fẹ́ sí àwọn lójú. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà.

Èmi tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ohun tó lé ní ogún ọdún mọ ohun tí ọ̀kadà ń ṣe. Egungun àgbà kì í ṣe ti ọ̀dọ́, pàápàá jù lọ obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Ìṣubú tí kò tó nǹkan lè ṣẹ́ wọn níbàdí, ibẹ̀ sì ni àgbà mìíràn ti ń di ẹni orí ibùsùn. Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ kí a máa fi ìbẹ̀rù ti àgbà mọ́lé títí ojú wọn á fi ṣókùnkùn. Àdéhùn tí a ṣe ni pé mọ́tò Ìyá Ìbejì, ìyàwó ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń gbé ní Kùtọnu, ni Màmá máa wọ̀. Tí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú tí ọkọ̀ kò sì pọ̀, wọ́n á bọ́ sẹ́yìn ọmọ wọn fún ìwọ̀nba kìlómítà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, náà wọ mọ́tò, ó sì fajú ro títí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó ibi àtẹ̀sẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì tó o, kò tíì tó ọ̀kadà í gùn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àwọn tó ń gbé ọmọ síwájú lórí táńkì.

Akoto, ìyẹn hẹ́límẹ́ẹ̀tì, márùn-ún la kó dání láti ilé, nítorí bí ẹni tó ń wà á bá dé e níbẹ̀, ẹni ẹ̀yìn kì í sábà rí i dé. Ẹ rántí pé ní January 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé e nílẹ̀ wa, igbá làwọn kan ní Kano gbé borí! Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé akoto ń dín ìpalára orí kù ní nǹkan bí ìdá 69 nínú 100, ó sì ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42. Ṣùgbọ́n kó tó ṣiṣẹ́ yẹn, ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ orí, okùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ so lábẹ́ àgbọ̀n. Gèlè kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gèlè yìí náà gba àlàyé kó tó yé Màmá.

Aago méje àárọ̀ la gbéra kí oòrùn tó mú. Màmá ti jẹun, wọ́n ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, oògùn ojú wà nínú báàgì mi níbi tí oòrùn kò lè dé. Èmi wà lẹ́yìn ọkọ mi, Bàbá Ìbejì gbé ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà kan, yanrìn ni ọ̀nà yìí, táyà á máa rì. Wọ́n ti da ọ̀dà sí i, ó dára, ṣùgbọ́n òun náà ló ń mú káwọn ọ̀dọ́ máa sáré àsápajúdé, atẹ́gùn òkun sì máa ń kó yanrìn wá sójú títì. Ẹni tó bá tẹ búréèkì lójijì lórí yanrìn bẹ́ẹ̀ á rí nǹkan.

Nítòsí Togbin, a dúró wo àwọn tó ń fa àwọ̀n. Àwọ̀n náà gùn débi pé ogúnlọ́gọ̀ èèyàn, ọkùnrin, obìnrin àtọmọdé, ló ń fa okùn rẹ̀ láti orí iyanrìn, tí wọ́n ń fi orin tẹ ẹsẹ̀ pọ̀. A mu omi àgbọn. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ omi níbẹ̀ o. Òkun ibẹ̀ a máa fa èèyàn lẹ́sẹ̀ wọnú, ẹni tó mọ̀wẹ̀ lódò gan-an kò lè bá a jà.

Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin mi ti gba apá ọ̀tún bọ́ sílẹ̀, tí irin sáléńsà fi jó o lójúgun. Obìnrin alágbọn sáré gbé epo pupa wá, ẹlòmíràn ní ká fi ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ ṣeun, omi ni. Omi tútù tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ mímọ́ bò ó. Tó bá lé róró, ẹ má bẹ́ ẹ.

Ibi tó kù díẹ̀ kí a dé Ouidah ni Màmá ti bọ́ sẹ́yìn ọmọ wọn. Mo dé akoto fún wọn, èmi wọ mọ́tò. Bí ẹni ń ti ọmọlanke ni ọkọ mi ṣe rọra ń lọ, Màmá di í níbàdí mú, iró wọn ni a ti ká mọ́ra kó má baà wọ ṣéènì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín láti inú mọ́tò.

Ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1995 ni wọ́n ń pè ní Ẹnu Ọ̀nà Àrèmábọ̀. Wọ́n ya àwọn tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n ń lọ sí òkun sára rẹ̀. Láti ìgboro dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi kó wọn rìn ín. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ sí Brazil àti Cuba. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé Oluale Kossola, ọmọ Yorùbá, sínú ọkọ̀ Clotilda lọ́dún 1860 lọ sí Alabama. Ọdún 1935 ló kú, kò padà rí ilé mọ́.

Màmá kò rí àwọn àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fọwọ́ ra ògiri náà lọ, wọ́n ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí òkun, wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọbìnrin mi di ọwọ́ wọn mú. Mọ́tò la gbé Màmá padà, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, káàdì àjẹsára ibà pọ́njú kò gbọ́dọ̀ gbélé tẹ́ ẹ bá ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló dáa jù, nítorí òjò oṣù kẹfà kò ṣeé bá ṣeré. Ẹ ra epo ọ̀kadà ní ilé epo, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Níjọ́ tí iná ṣẹ́ yọ ní ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní Sẹ̀mẹ̀ ní September 2023, ó lé ní 30 èèyàn tó bá a lọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi ebi rin ìrìn yìí, ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá sì ríran dáadáa mọ́, ẹ̀yìn ni kó jókòó sí, kó má ṣe wà á.