Hárúnà Ìṣọ̀lá: Àpàlà nìkan kọ́ ló fi sílẹ̀ l'Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹni tó bá rò pé orin nìkan ni olóògbé Alàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá fi sáyé lọ, onítọ̀hún ò tíì mọ ìtàn bàbá alápàlà náà délé.

Lọ́dún 1948 ló ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́ HMV, Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ló sì fi kì. Àwo ọ̀hún ò tà rárá. Ẹlòmíì ì bá ti sọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nù, kó wáṣẹ́ mìíràn ṣe. Hárúnà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òde ló ń ṣe kiri, láti ìnáwó kan bọ́ sí òmíràn, títí táwọn olówó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Nígbà tí ọba náà wàjà, ó tún orin yẹn kọ ní nǹkan bí ọdún 1955. Ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti búrẹ́kẹ́.

Ẹ má gbàgbé pé gìtá ti gbòde nígbà náà o. Hárúnà ò fi sí tiẹ̀. Gángan, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àkúbà, ó parí. Òwe àti ọ̀rọ̀ inú Kùránì ló fi ń dùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbé àwo Òròkí Social Club jáde lọ́dún 1971, tí gbogbo ayé ń jó o.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Láyé ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó ló ni ẹ̀rọ, àwọn ló ni àwo, àwọn náà ló ń ṣírò owó. Ọlọ́rin á kàn gba tiẹ̀ lọ sílé ni. Lọ́dún 1969, Hárúnà àti I.K. Dáíró, onijùjú ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀. Alápàlà àti onijùjú, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, wọ́n jọ di ọ̀gá ara wọn!

Kò tán síbẹ̀. Ní 1979, ó gbé Phonodisk kalẹ̀ l'Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í ṣe l'Ékòó, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ààrẹ Shehu Shagari fún un lóyè MON ní 1981. Ọdún 1983 ló jáde láyé. Nígbà tó tó nǹkan bí ọdún 2000, ọmọ ẹ̀, Músílíù, gbé Sóyòyò jáde, làwọn ọ̀dọ́ tí ò bá bàbá láyé bá tún ń jó àpàlà.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Ìjẹ̀bú mọ fàájì, ẹni tó bá sì dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n Hárúnà fi hàn pé bí wọ́n ṣe mọ fàájì náà ni wọ́n mọ ìṣirò. Kí ẹ̀yin ọlọ́rin ìwòyí fi í ṣàríkọ́gbọ́n: owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ni níwájú orí, kì í pẹ́ jábọ́. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ bi ara yín kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.