Ọtí Tí Wọ́n Ń Pọn Lẹ́yìn Bẹ́ẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2016, àjọ UNESCO kọ àṣà bíà àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé. Inú ìwé kan náà ni Ifá wa àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní kí ni bíà ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifá? Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán ni mo wá rò ó pé ta ni yóò sọ̀rọ̀ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ níbẹ̀. Mo mọ agbo ilé kan ní ìsàlẹ̀ Bẹ́ẹ̀rẹ̀, bí èèyàn bá ń ti Òkè Màpó sọ̀ kalẹ̀, níbi tí wọ́n ṣì ń pọn ọ́n. Obìnrin kan ṣoṣo ló kù tó ń pọn ọ́n níbẹ̀, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti gboyè jáde lẹ́ka yìí ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìlú Brussels ló ń gbé báyìí. Nígbà tó wálé ọdún Kérésìmesì, ó gbé ìgò Saison Dupont méjì wá, ó ní ká wá tọ́ ọ wò, ká yé fi Star àti Trophy halẹ̀ mọ́ òun. Oko ni ilé ọtí Dupont, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Tourpes. Láti 1844 ni wọ́n ti ń pọn ọtí nínú oko náà. Ìdílé Dupont gbà á ní 1920, ẹbí wọn ló sì ń ṣe é títí dòní. Saison lédè Faransé, àsìkò ló túmọ̀ sí. Ìgbà òtútù ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń pọn ọ́n láyé àtijọ́, kí àwọn alágbàṣe lè rí nǹkan fi tu ọ̀fun nígbà tí oòrùn bá mú.

A dà á sínú ife. Ìfòfó rẹ̀ ru sókè bí ìgbà tí wọ́n bá po ọṣẹ. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin, ṣùgbọ́n kò mọ́ gaara. Òórùn rẹ̀ dà bí èèpo ọsàn tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ iyèré. Ó ta mí lẹ́nu, ó korò díẹ̀, ó wá gbẹ lọ́fun pátápátá, kò fi adùn kankan sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ nínú ìgò, a rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní ọtí náà ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní rárá o, ìwúkàrà tó wà láàyè nìyẹn, inú ìgò gan-an ni wọ́n ti jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó dùn mí lọ́jọ́ náà ni pé ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan tó wà nínú ife yẹn, lédè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí à ń fi Yorùbá gboyè, “ó dùn”, “ó korò” àti “ó le” nìkan la rí sọ. Ṣé èdè ni kò ní in ni, àbí àwa ni kò ní in? Ìdí tí mo fi tọ Màmá lọ nìyẹn. Kì í ṣe nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ mí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ lọ. Mùsùlùmí ni, kì í fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. A gba Bẹ́ẹ̀rẹ̀ wọlé, a fi ojú pópó sílẹ̀, a bọ́ sáàárín àwọn ilé alámọ̀ tí páànù orí wọn ti dógùn-ún. Àgbàlá ni a ti bá a.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá.”

“Òo. Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Sé ọtí lẹ wá mu, àbí ìwé lẹ wá kà?”

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ẹ kúkú mọ̀ pé ìró “ṣ” kì í sí lẹ́nu ojúlówó ọmọ Ìbàdàn. Sẹ̀kẹ̀tẹ́ ni Màmá ń pè é, bó sì ṣe sọ ọ́ ni n ó ṣe kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyá rẹ̀. Pọn ọtí, pọn omi, pọn ọmọ: nígbà tí mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà la fi ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Sé èyí tó lè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ kò mọ̀ ni? Ọmọ nìkan ló ń dàgbà kúrò lẹ́yìn èèyàn.”

Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ti ọkà bàbà lọ́tọ̀, ọtí ọkà nìyẹn. Òun náà ló jọ bùrùkùtù tí àwọn ará òkè ọya ń mu. Màmá á rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì, á dà á sínú agbọ̀n, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, á máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà, ibẹ̀ náà ni èèyàn ti lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí àgbàdo bá ń hù ni adùn tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ń jáde, bó bá sì hù kọjá ààlà, ewé ni yóò jẹ adùn náà tán. Màmá kò ní aago fún èyí. Ó ní, “Bó bá ti gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àgbàdo lò ń gbìn nìyẹn, o ò pọntí mọ́.”

Lẹ́yìn èyí ló máa sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kankan. Bí òjò bá rọ̀ léraléra, ìyà dé nìyẹn, nítorí èyí tí kò gbẹ dáadáa á bu. Tó bá gbẹ tán, ẹ̀rọ ló kàn. Bẹ́yẹrúnkà ló ti ń lọ̀ ọ́, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló sì ń lọ, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ata dé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó bá ti fẹnu kan ata, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ti di ọbẹ̀. Ó ní ẹlẹ́rọ kan wà tó máa ń pariwo pé àgbàdo tó hù ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ òun, ṣùgbọ́n kóńgò kan tí Màmá bá gbé wá fún un lọ́jọ́ kẹta ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Yóò wá pò ó mọ́ omi, yóò gbé e kaná lórí ààrò, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú igi. Yóò máa rò ó, yóò máa bu omi sí i, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bíi tíì. Bó bá tutù, yóò sẹ́ ẹ. Èérí rẹ̀, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ló ń kó o. Omi rẹ̀ ló máa dà sínú ìkòkò tí kì í fi ọṣẹ fọ̀ láéláé, omi lásán ló fi ń ṣàn án. Mo béèrè ìdí. Ó ní, “Ọtí àná ló ń jí tòní. Bó o bá fọsẹ fọ̀ ọ́, ta ló máa jí i?”

Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ilé ọtí kan wà ní Brussels tó ń jẹ́ Cantillon, láti 1900 ni ìdílé kan ti dá a sílẹ̀. Wọn kì í fi ìwúkàrà sí ọtí wọn. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń pọn ọ́n. Wọ́n á dà á sínú àwo bàbà fífẹ̀ lábẹ́ òrùlé, wọ́n á ṣí fèrèsé sílẹ̀ lóru, kí afẹ́fẹ́ gbé ohun tó máa jí i wá. Wọn kì í tilẹ̀ gbá ilé aláǹtakùn tó wà lára ògiri dànù. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀ láti lọ wò ó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé ẹ̀yìn Bẹ́ẹ̀rẹ̀, tó rí ìkòkò Màmá, kò ní sọ pé ìdọ̀tí ni. Àwa ọmọ ilé la máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà wò, ní alẹ́ mẹ́ta tẹ̀ léra. Alẹ́ àkọ́kọ́, ó dùn bíi mọ́ọ̀tì, ó ki díẹ̀, àwọn ọmọdé inú agbo ilé náà bu nínú rẹ̀. Alẹ́ kejì ló di ọtí. Ìfòfó ti wà lójú rẹ̀, bí a bá sì tẹ́tí sí ìkòkò, à ń gbọ́ ọ tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Adùn ló kọ́kọ́ kan ahọ́n mi, kíkan wá tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ni ohun kan bí òórùn àgbàdo sísun gbẹ̀yìn, ó sì pẹ́ lẹ́nu mi. Ọ̀rẹ́ mi tí kò mu ún gbé imú sí ahá, ó ní òun gbọ́ òórùn búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde àti omidùn. Omidùn yẹn ni èmi tó mu ún kò mọ orúkọ rẹ̀. Alẹ́ kẹta, ó ti kan gan-an, ó sì ti le. Àwọn bàbá mẹ́ta kan tó ń ta ayò ló wá gbé e.

Ọ̀rọ̀ tí mo wá, mo rí i. Màmá ní ọtí máa ń “jí”, ó máa ń “gbó”, ó sì máa ń “sùn”. Èyí tó sùn ni èyí tí kò hó mọ́. Bí kò bá ní adùn, tí kò ní kíkan, ó “tẹ́”, bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ ojú ewé mẹ́rin kún. Kò sí ọ̀kan tó ṣàjèjì sí wa nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà. A ò kàn gbé wọn wá sídìí ọtí rí ni.

Ìgò Dupont kejì, Màmá la gbé e fún. Kò gba ife, ahá ló dà á sí. Ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́, ó mu ún, ó dákẹ́. “Ẹni tó pọn eléyìí kò kánjú,” ló sọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Sé ewúro ni wọ́n fi sí i ni?” A sàlàyé pé òdòdó kan ni, hops ni wọ́n ń pè é. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ohun tó korò lé àlejò lọ́wọ́. Ó wá gba ìgò náà, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù, nínú ìkòkò kékeré kan lọ́tọ̀. Kò jẹ́ kó sún mọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, èyí tó wà nínú ìkòkò kékeré náà hó ju tìkòkò ńlá lọ, ó gbẹ lẹ́nu, adùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. “Àlejò ni,” Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. “Kò tíì mọ ilé.”

Ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí, kò sí èyí tó kọ́ iṣẹ́ náà. Àkọ́bí rẹ̀ ti di Alhaja, ó ń ta aṣọ ní Ọjà'ba, òun ló ń bọ́ Màmá, òun ló tún páànù ilé ṣe. Ó fẹ́ kí Màmá dáwọ́ dúró. Mo bá a sọ̀rọ̀, n kò sì lè sọ pé ó jẹ̀bi. Ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ọtí, èéfín sì ti ń mú kí ojú ìyá rẹ̀ máa ṣomi. Òun náà ló sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo béèrè, pé owó ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n fi rán òun níwèé títí òun fi parí girama. Ó ní òun máa ń tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀, òun sì máa ń dúpẹ́ nítorí rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdún 1949 ni Star àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó. 1982 ni Nigerian Breweries ṣí ilé ọtí sí Ìbàdàn níbí. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó bálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n sá lọ bá. Mo sọ èyí fún Màmá. Ó ní kí wọ́n wá san owó ìkọ́ṣẹ́.

Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ ṣẹrú, àwọn olórìṣà ibẹ̀ ṣì ń po ohun mímu kan tí wọ́n ń pè ní chequeté. Àgbàdo wà nínú rẹ̀, ọsàn kíkan wà níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ṣúgà dúdú sí i. Ó ti yí padà kúrò ní bó ṣe wà, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò sọnù. Àwọn tí kò ní ìkòkò, tí kò ní ilé, ló gbé e la òkun kọjá.

Àwọn kan nínú kíláàsì wa ti ní ká gbé e sínú ìgò, ká lẹ bébà aláràbarà mọ́ ọn, ká gba nọ́ńbà NAFDAC, ká máa tà á fún àwọn ará Bódìjà. Èmi kò sí nínú rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó bá lè dúró lórí pẹpẹ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ti pa á kó tó débẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnìkan kọ́ ọ ná. Ọmọ ọmọ Màmá kan wà, ọmọ Alhaja ni, kò tíì pé ogún ọdún. Òun ló ń ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí agbọ̀n nígbà tí a dé. Mo rí i tó ń fi èékánná rẹ̀ wọn àgbàdo.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ kí ọdún Òkèbàdàn tó wọlé. Ìgbà náà ni Màmá ń pọn èyí tó pọ̀ jù, ó sì gbọ́dọ̀ sè é tán ṣáájú, torí wọn kì í dáná lọ́jọ́ náà. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì tiyín dání, kì í ta á sínú ọ̀rá. Ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Alhaja máa ń wà nílé lọ́jọ́ náà.